Kọ́-kọ́-kọ́ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀: bí a ṣe pààrọ̀ shaft nílé ní Àgbádárìgì

Bí ọkọ̀ yín bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́ nígbà tí ẹ bá yí ọwọ́ ìdarí dé òpin, ẹ má kàn yí rédíò sókè o. Bí Toyota 4Runner ọdún 1999 tí Áńkù mi ń lò ṣe ń dún nìyẹn fún bí oṣù méjì. Àgbọn ni wọ́n fi ń kó láti àwọn abúlé etí òkun lápá ọ̀nà Sèmè wá sí ọjà Agbalata ní Àgbádárìgì. Ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn ò bá jáde, kì í ṣe Áńkù nìkan ni owó ò wọlé fún. Àwọn ìyá tó ń retí àgbọn náà á kàn jókòó lásán ni.

Mẹkáníìkì kan ti sọ pé bearing ẹsẹ̀ ló bàjẹ́. Wọ́n sanwó, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, ariwo ò lọ. Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ Sátidé, Áńkù rẹ́rìn-ín: “Sáyẹ́ǹtíìsì wa, ìwé lo mọ̀, o ò mọ sípánà.”

Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná, Áńkù.”

Ẹ fetí sí ariwo náà

Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ń kùn bí oyin, tí kíkùn náà ń pọ̀ bí eré ṣe ń pọ̀, bearing ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Àmọ́ kọ́-kọ́-kọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rọra yí po lójú kan? Oríkèé ìta shaft ni, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní CV joint. A yí ọkọ̀ po sápá òsì, ó dákẹ́. A yí i sápá ọ̀tún, ó bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ló ń gbé ẹrù jù nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí sí ọ̀tún, nítorí náà ibẹ̀ ni mo tan iná fóònù sí. Rọ́bà tó bo oríkèé náà ti ya, gírísì rẹ̀ sì ti fọ́n ká inú wíìlì.

Kí ni oríkèé yìí ń ṣe gan-an?

Ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ four-wheel ní iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń yí, ó ń darí, ó sì ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ nínú kòtò. Shaft gbọ́dọ̀ gbé agbára dé ibẹ̀ láìka bó ṣe tẹ̀ sí.

Oríkèé àtijọ́ tó dà bí àgbélébùú, èyí tí Robert Hooke kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún 17, lè tẹ̀, àmọ́ ó ní àléébù. Ká ní ó tẹ̀ ní dígírì 30, tí apá kan ń yí ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Eré apá kejì á máa lọ sókè sódò láàárín nǹkan bíi 87 àti 115, ẹ̀ẹ̀mejì nínú yíyípo kọ̀ọ̀kan. Ẹ fojú inú wo bí ọwọ́ ìdarí á ṣe máa gbọ̀n!

Ní àwọn ọdún 1920, Alfred Rzeppa, ẹnjiníà ní Ford, wá ọgbọ́n sí i: bọ́ọ̀lù irin mẹ́fà nínú ojú pópó tí wọ́n gbẹ́ fún wọn. Bó ti wù kí shaft tẹ̀ tó, àwọn bọ́ọ̀lù yẹn máa ń dúró sí àárín gbùngbùn igun náà, nítorí náà eré tó wọlé náà ló ń jáde. Nígbà tí ọkọ̀ Mini jáde ní 1959, irú oríkèé yìí ló wà lẹ́sẹ̀ iwájú rẹ̀.

Ẹ̀mí oríkèé náà wà nínú gírísì, bí omi inú eékún wa. Rọ́bà ló ń dá gírísì dúró. Bó bá ya, gírísì á jáde, yanrìn á wọlé. Lórí òṣùwọ̀n Mohs tí wọ́n fi ń wọn líle òkúta, láti 1 dé 10, quartz tó pọ̀ jù nínú yanrìn etí òkun wa wà ní 7. Irin ọ̀bẹ ò ju bíi 5.5 lọ. Irin bọ́ọ̀lù yìí le ju ti ọ̀bẹ lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí wọ́n ń fi yanrìn ha lójoojúmọ́, ara rẹ̀ á bó. Ẹ wá fi iyọ̀ òkun tó ń mú kí irin tètè dógùn-ún kún un.

Áńkù ní, “Èmi kì í kúkú sábà fi sí four-wheel.” Kò kàn án. Lára irú 4Runner yìí, táyà ń fa shaft yí ní gbogbo ìgbà, bí ẹ fi sí four-wheel, bí ẹ ò fi sí i.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ ni ẹ̀mí. Yanrìn ló wà lágbàlá, jáàkì sì máa ń rì sínú yanrìn. A tẹ́ pákó gbooro sábẹ́ rẹ̀, a fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, a sì gbé ọkọ̀ lé stand irin. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró láéláé.

Kí táyà tó kúrò nílẹ̀ la ti dẹ nọ́ọ̀tì ńlá àárín, Áńkù sì tẹ bírékì mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, a yọ táyà, a tú bolt 4 tó di ball joint ìsàlẹ̀ mú, a sì yí ẹsẹ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láì fa páìpù bírékì. Ìpata ti di shaft mọ́ hub. A dá nọ́ọ̀tì padà sórí rẹ̀ díẹ̀ kí ojú rẹ̀ má bàa bàjẹ́, a wá fi igi gbá a. Ní apá inú, a gbé abọ́ sílẹ̀ fún ọ́ìlì, a sì fi ọ̀pá irin yọ oríkèé náà. Ẹ má fa shaft fúnra rẹ̀, ó lè já sọ́tọ̀.

Shaft tuntun wọlé, ó dún “káà!” A fà á wò, kò yọ. A dá bolt ball joint padà, a sì fún wọn le dáadáa.

Àti ìṣirò

Nọ́ọ̀tì ńlá fẹ́ agbára ìyí newton-mita 235, a ò sì ní sípánà tó ń wọ̀n ọ́n. Mo wọn kílógíráàmù 60. 60 × 9.8 × 0.4 jẹ́ 235. Lẹ́yìn tí a dá táyà padà tí ọkọ̀ wà nílẹ̀, Áńkù tẹ bírékì, mo sì rọra dúró sórí ọ̀pá sípánà tó wà ní ìbú, ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí nọ́ọ̀tì. Áńkù ò rẹ́rìn-ín mọ́. (Bí ẹ bá rí ojúlówó sípánà náà yá, ẹ lò ó, kí ẹ sì wo iye tí ìwé ọkọ̀ tiyín sọ.) A fi pínnì tuntun sí i, a sì dá ọ́ìlì jíà padà títí ó fi dé ẹnu ihò.

A yí po sápá ọ̀tún. Kẹ́kẹ́ pa.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ńkọ́? Rọ́bà tiẹ̀ ti ń sán, àmọ́ kò tíì ya. Rọ́bà nìkan la máa pààrọ̀ níbẹ̀, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti odindi shaft. Ká ní a ti tan iná wo abẹ́ ọkọ̀ yẹn ní oṣù méjì sẹ́yìn ni, bóyá ibi tí owó ẹsẹ̀ òsì náà ì bá mọ nìyẹn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àgbọn dé Agbalata.