Ìwé Òfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, 1960 sí 1966: Ìtàn Rẹ̀, Àtúnṣe Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Lè Fi Kọ́ni

Ìfáárà

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ NCE pé ìwé òfin mélòó ló ń darí ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì tó wà ní Nàìjíríà, yóò dáhùn pé ẹyọ kan ṣoṣo ni, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí a bá tún bi í pé ṣé bẹ́ẹ̀ ló ti wà láti ìgbà òmìnira, ó ṣeé ṣe kí ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìdáhùn kejì yìí kò tọ̀nà. Láti ọdún 1960 títí di oṣù kìíní ọdún 1966, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní ìwé òfin tirẹ̀, ilé aṣòfin ẹkùn náà sì lágbára láti tún un ṣe.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣe àlàyé ìwé òfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn: bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tó dá ìjà sílẹ̀ ní 1962, àti àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i ní 1963. Lẹ́yìn náà ni a ó wo ọ̀nà tí a ń gbà tún ìwé òfin 1999 ṣe ní Abuja lónìí, àti ipò tí àwọn ará Abuja fúnra wọn wà nínú iṣẹ́ náà. Ìdí tí a fi yan ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ìjọba gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí tí òfin fi rí bí ó ṣe rí. Kíkọ́ nọ́ńbà abala òfin sórí nìkan kò tó.

Bí ẹkùn ṣe di oní-ìwé òfin

Ìwé òfin tí a mọ̀ mọ́ Gómìnà Clifford ní 1922 ló kọ́kọ́ jẹ́ kí a dìbò yan ènìyàn sí ìgbìmọ̀ aṣòfin. Mẹ́rin péré ni àwọn tí a dìbò yàn: mẹ́ta láti Èkó, ọ̀kan láti Kàlàbá. Ìwé òfin Richards, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1947, ló dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún ẹkùn mẹ́ta: Àríwá, Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn. Kí wọ́n tó ṣe ti Macpherson ní 1951, wọ́n bèèrè èrò àwọn ará ìlú, wọ́n sì ṣe àpérò gbogboogbò ní Ìbàdàn ní 1950. Nígbà tí ti Lyttelton dé ní 1954, Nàìjíríà di ìjọba àpapọ̀ ní tòótọ́. Ọdún yẹn ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ di Prẹ́míà àkọ́kọ́ fún Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1957, Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn gba ìjọba ara-ẹni. Àríwá gba tirẹ̀ ní 1959.

Nígbà tí òmìnira dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960, ìwé òfin mẹ́rin ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan fún ìjọba àpapọ̀, ọ̀kan fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Ti Ìwọ̀-Oòrùn ní ilé aṣòfin méjì ní Ìbàdàn, èyí tí ará ìlú dìbò yàn àti Ilé Ìgbìmọ̀ Lọ́balọ́ba. Gómìnà dúró ní ipò Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Prẹ́míà ló ń darí ìjọba. Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni ti Ilé-Ifẹ̀, ni Gómìnà. Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ni Prẹ́míà, nítorí Awólọ́wọ̀ ti lọ sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó.

Gbólóhùn kan tó dá ìjà sílẹ̀

Prẹ́míà kì í ṣe ẹni tí gbogbo ìlú dìbò yàn tààrà. Ẹni tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé aṣòfin bá tì lẹ́yìn ni Gómìnà ń yàn. Abala kẹtàlélọ́gbọ̀n ìwé òfin náà sọ pé Gómìnà kò gbọdọ̀ yọ Prẹ́míà àfi bí ó bá hàn sí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ ilé kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ìwé òfin kò sọ bí yóò ṣe hàn sí i. Ṣé ìbò inú ilé nìkan ni, àbí lẹ́tà tàbí ìròyìn tún lè tó?

Nígbà tí ìyapa wọ inú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ láàárín àwọn tó tẹ̀lé Awólọ́wọ̀ àti àwọn tó tẹ̀lé Akíntọ́lá, ìbéèrè yìí di ohun tó lè fọ́ ìlú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, ọmọ ilé 66, tí wọ́n ju ìdajì lọ, fọwọ́ sí lẹ́tà sí Gómìnà pé àwọn kò sí lẹ́yìn Prẹ́míà mọ́. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, Gómìnà yọ Akíntọ́lá, ó sì fi Olóyè D. S. Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Akíntọ́lá ní òun kò lọ, ó gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ilé aṣòfin jókòó ní Ìbàdàn, ìjà bẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń ju àga lu ara wọn, ọlọ́pàá sì yin tajútajú. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ilé aṣòfin àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn, Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí sì di alákòóso.

Àtúnṣe tó wo ẹ̀yìn

Ní oṣù keje ọdún 1962, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé aṣòfin nìkan ni Gómìnà lè gbára lé. Nítorí náà, lẹ́tà kò tó. Nígbà tí ìjọba pàjáwìrì parí, Akíntọ́lá padà sí ipò rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1963.

Ṣùgbọ́n Adégbénró pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ sí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ ibi ìparí ẹjọ́ wa nígbà náà. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1963, ìgbìmọ̀ náà dájọ́ pé ìwé òfin kò dí Gómìnà lọ́nà láti gbára lé lẹ́tà, àti pé ohun tí Gómìnà ṣe bá òfin mu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àtúnṣe ti wọlé nìyí. Àwọn aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn tún ìwé òfin ẹkùn náà ṣe kíákíá, pé ìbò inú ilé nìkan ni a fi lè mọ̀ bóyá Prẹ́míà ṣì lẹ́yìn. Wọ́n tún kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí a ka àtúnṣe náà sí èyí tó ti wà láti oṣù kẹwàá ọdún 1960. Ilé aṣòfin àpapọ̀ fọwọ́ sí i. Báyìí ni ìdájọ́ Lọ́ńdọ̀nù ṣe di ìwé lásán. Nígbà tí Nàìjíríà di olómìnira aláàrẹ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n fòpin sí pípe ẹjọ́ lọ sí Privy Council.

Ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀ níbí. Ohun tí àtúnṣe náà sọ, pé kí a ka ìbò ní gbangba, kò burú. Ọ̀pọ̀ lè sọ pé ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe mú un wo ẹ̀yìn ni ìṣòro. Ó dà bí ìgbà tí ẹni méjì ń ta ọpọ́n ayò: ọ̀kan pa èkejì, ẹni tí wọ́n pa wá gbé òfin tuntun kalẹ̀, ó ní láti àárọ̀ ni òfin náà ti wà. Kódà bí òfin tuntun bá dára, kò sí ẹni tí yóò fọkàn tán ọpọ́n náà mọ́.

Ìgbàgbọ́ nínú òfin kò padà sípò ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ìbò ilé aṣòfin ti oṣù kẹwàá ọdún 1965 yọrí sí iná àti ìpànìyàn tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní wẹtíẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ológun gba ìjọba. Ohun tó fà á ju ọ̀rọ̀ abala òfin kan lọ, ṣùgbọ́n abala náà wà lára rẹ̀.

Láti ìwé òfin púpọ̀ sí ẹyọ kan

Àwọn ológun pa ìwé òfin ẹkùn tì. Ohun kan wà tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀: Ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn, tí a dá sílẹ̀ ní 1963 lẹ́yìn ìbò àwọn ará ibẹ̀, nìkan ni a tíì fi ìlànà ìwé òfin dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Àṣẹ ológun ló dá gbogbo ìpínlẹ̀ yòókù: 12 ní 1967, tó di 19 ní 1976, 21 ní 1987, 30 ní 1991 àti 36 ní 1996.

Nígbà tí ìwé òfin 1979 dé, ìpínlẹ̀ kò ní ìwé òfin tirẹ̀ mọ́. Ohun tó kan gómìnà àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wà nínú ìwé kan náà pẹ̀lú ti Ààrẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti 1999, tí ìjọba Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar fi Àṣẹ 24 gbé jáde, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká fi abala 188 ìwé òfin yìí wé gbólóhùn 1960. Láti yọ gómìnà, ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ẹ̀sùn. Ìdá méjì nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ gbà pé kí a wádìí. Adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ yóò yan ẹni méje láti wádìí. Ìdá méjì nínú mẹ́ta yóò tún fọwọ́ sí àbọ̀ wọn. Nítorí pé ará ìlú ló dìbò yan gómìnà, wọn kò jẹ́ kí yíyọ rẹ̀ rọrùn.

Ìbàdàn kan náà ni wọ́n ti dán abala yìí wò. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, ọmọ ilé aṣòfin Ọ̀yọ́ 18 nínú 32 ní àwọn ti yọ Gómìnà Rashidi Ládọjà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 kò lè dín ní 22. Ní oṣù kejìlá, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé ìyọnípò náà, Ládọjà sì padà sí ọ́fíìsì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó tún òfin kọ láti fi sọ ìdájọ́ di asán.

Abuja, níbi tí a ti ń tún òfin ṣe

Bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo difá ọrọọrún. Òfin náà nílò àtúnyẹ̀wò látìgbàdégbà. Abala 9 ìwé òfin 1999 ní ìdá méjì nínú mẹ́ta Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà àti ti Ilé Aṣojú-ṣòfin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àtúnṣe, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 ó kéré tán sì gbà á. Ní ti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tàbí dídá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni a nílò ní ilé méjèèjì.

Àtúnṣe àkọ́kọ́, ní 2010, jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára láti fi wé ti 1963. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, Ààrẹ Umaru Yar'Adua lọ gba ìtọ́jú ní Saudi Arabia láìkọ lẹ́tà tí yóò jẹ́ kí igbákejì rẹ̀ dúró dè é. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún abala 145 ṣe: bí Ààrẹ kò bá kọ lẹ́tà láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún, ilé aṣòfin méjèèjì lè pinnu pé kí igbákejì máa ṣe adelé. Ìṣòro àná ló bí i, ṣùgbọ́n ọ̀la ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti 2018, tó dín ọjọ́ orí ẹni tó lè du ipò Ààrẹ kù láti 40 sí 35, àti ti 2023, tó gba ìpínlẹ̀ láàyè láti máa pèsè iná mànàmáná àti láti ṣòfin lórí ọkọ̀ ojú irin.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí a wà. Abala 299 ní kí a máa lo ìwé òfin fún Abuja bí ẹni pé ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìpínlẹ̀. Síbẹ̀, Abuja kò ní gómìnà. Mínísítà tí Ààrẹ yàn ló ń ṣe àkóso rẹ̀. Kò ní ilé aṣòfin. Ti ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣòfin fún un. Sẹ́nétọ̀ kan nínú 109 àti aṣojú méjì nínú 360 ló ní. Nítorí náà, bí àtúnṣe bá kúrò ní ilé aṣòfin àpapọ̀, tó ń lọ sí ìpínlẹ̀ 36, ilé aṣòfin kankan kò sí tí yóò dìbò lórúkọ ará Bwari, Kuje, Kwali, Abaji, Gwagwalada tàbí àárín ìlú Abuja. Àwọn Gbagyi, Koro àti Bassa, tí ilẹ̀ baba wọn ni wọ́n fi kọ́ olú-ìlú, wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Bí a ṣe lè fi kọ́ni

Àbá mẹ́ta la mú wá. Àkọ́kọ́, kí olùkọ́ fi gbólóhùn 1960 nípa Prẹ́míà àti abala 188 síwájú akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n tọ́ka sí ibi tí ìkọ̀ọ̀kan ti fi àlàfo sílẹ̀, kí wọ́n sì gbìyànjú láti kọ tiwọn ní èdè abínibí wọn. Ẹni tó bá gbìyànjú rẹ̀ yóò rí i pé kò rọrùn láti kọ òfin tí ẹni méjì kò ní túmọ̀ sí ọ̀nà méjì.

Èkejì, kí wọ́n máa bi àtúnṣe kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ló béèrè fún un, ta ni yóò jàǹfààní rẹ̀, àti láti ọjọ́ wo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀? Ìbéèrè kẹta yìí ni a máa ń gbàgbé, òun sì ni 1963 fi kọ́ wa.

Ẹ̀kẹta, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Abuja, kí a fún akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ láti tọ ipa àtúnṣe kan láti ilé aṣòfin àpapọ̀ dé ìpínlẹ̀, kí wọ́n sì kọ ibi tí ohùn ará Abuja ti wọlé àti ibi tí ó ti dákẹ́.

Ìgúnlẹ̀

A kò sọ pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tún ní ìwé òfin tirẹ̀, a kò sì sọ pé kí ó má ní in. Àwọn tó ń bèèrè fún un ní ìdí tiwọn. Àwọn tó rántí 1962 náà ní ìdí tiwọn. Ohun tí a ń sọ ni pé àríyànjiyàn náà kò lè gbéṣẹ́ láàárín àwọn tí kò mọ̀ pé a ti dán an wò rí. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ni yóò dúró síwájú kíláàsì lọ́la. Bí wọ́n bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé òfin Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn ọmọ tí wọn yóò kọ́ yóò lè ka àtúnṣe tó bá jáde láti Abuja, wọn yóò sì mọ ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi í.