Bísíkíìtì Funfun Ẹyin, àti Ẹni Tí Ó Ni Pupa Rẹ̀

Oúnjẹ méjì ni ó wà nínú ẹyin adìyẹ kan. Bí a bá pín funfun rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, omi ni ìdá mẹ́sàn-án. Ìyókù jẹ́ èròjà tí ń mú ara dàgbà, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ̀rá nínú rẹ̀. Inú pupa ni ọ̀rá wà, pẹ̀lú èròjà irin tí ẹ̀jẹ̀ ń fẹ́ àti fítámì A tí í dáàbò bo ojú. Ìyá ilé tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè fi ẹyin mẹ́ta ṣe ìpápánu fún àlejò, kí ó sì tún fi wọ́n bọ́ ọmọ rẹ̀.

Ìpápánu náà ni bísíkíìtì funfun ẹyin, tí àwọn òyìnbó ń pè ní meringue. Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí orúkọ yìí ti wà nínú ìwé àwọn alásè ilẹ̀ Faransé. Kò sí ìyẹ̀fun nínú rẹ̀, kò sí òróró, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bọ́tà. Síbẹ̀ ó ṣòro láti ṣe ní Àkọkà ju ní ìlú òkè lọ, nítorí ọ̀sà. Ẹ̀bá ọ̀sà Èkó ni Àkọkà wà, níbi tí a kọ́ Yunifásítì Èkó sí, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1962. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kún fún ọ̀rinrin, ṣúgà a sì máa fa ọ̀rinrin mọ́ra, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ inú àwo ti í rin ní àkókò òjò. Bísíkíìtì tí ó gbẹ dáradára ní òwúrọ̀ lè máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ kí oòrùn tó wọ̀. Obìnrin tí ó fẹ́ fi ṣòwò yóò pàdánù ẹyin àti ṣúgà, yóò sì rò pé ọwọ́ òun ni kò dára, bẹ́ẹ̀ ojú ọjọ́ ni ó ṣe é.

Nítorí náà, kí a yan ọjọ́. Àkókò ọyẹ́, ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, ni ó dára jù. Ní ọjọ́ tí òjò bá ṣú, kí a fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ohun tí a ó lò ni ẹyin mẹ́ta, ṣúgà kíkúnná ṣíbí ńlá méjìlá tí ojú rẹ̀ tẹ́jú (bí 150 gíráàmù), àti oje ọsàn wẹ́wẹ́, ìdajì ṣíbí tíì.

Kí a fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ àwo, kí a sì nù ún gbẹ, nítorí pé ọ̀rá díẹ̀ tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìjábẹ̀ tí ó ti kan ọbẹ̀ rí kò yẹ. Kí a lo wáyà ìpo-ẹyin tàbí fọ́ọ̀kì méjì tí a so pọ̀. Kí a fọ́ ẹyin kọ̀ọ̀kan sínú ife lọ́tọ̀, kí èyí tí pupa rẹ̀ bá bẹ́ má bàa ba ìyókù jẹ́.

Kí a lu funfun náà pẹ̀lú oje ọsàn títí yóò fi hó bí ọṣẹ. Lílù náà ń kó afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, èròjà inú funfun a sì so mọ́ ara wọn bí àwọ̀n yí afẹ́fẹ́ náà ká. Nígbà náà ni kí a máa fi ṣúgà sí i, ṣíbí kan lẹ́ẹ̀kan, láìkánjú, títí yóò fi máa dán, tí ṣónṣó rẹ̀ yóò sì dúró bí a bá gbé wáyà sókè. Bí hóró ṣúgà bá ṣì ń ha ọwọ́, kò tíì tó.

Kí a fi ṣíbí bù ú sórí tákàdà nínú páànù pẹlẹbẹ, kí a sì gbé e sínú ààrò tí ooru rẹ̀ kò ju 100 Sẹ́ńtígíréèdì lọ, fún wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì. Gbígbẹ ni ó ń fẹ́. Bí ó bá ń pọ́n bí tíì, iná ti pọ̀ jù. Ààrò alámọ̀ tí a ti kó búrẹ́dì kúrò nínú rẹ̀, tí ooru rẹ̀ sì ti rọlẹ̀, a máa ṣe é dáradára. Kí ó tutù nínú ààrò, kí a sì kó o lójú kan náà sínú agolo tí ìdérí rẹ̀ le. Kí a má ṣe pàtẹ rẹ̀ sí gbangba.

Kí a má ṣe lo ẹyin tí ó sán, kí àwọn ọmọ má sì ṣe lá èyí tí a kò tíì yan, nítorí kòkòrò àìfojúrí tí à ń pè ní Salmonella, tí í fa inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru àti ibà. Kí alátọ̀gbẹ yẹra fún bísíkíìtì yìí.

Pupa mẹ́ta ṣẹ́kù nínú ife. Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè, nítorí èyí ni a ṣe fi í du ọ̀pọ̀ ọmọ. Kò sí ẹyin tí ó kọ́ ọmọ ní olè jíjà. Àìkọ́ ọmọ ni í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn fi yé ni pé ọmọ tí ó ti pé oṣù mẹ́fà lè jẹ ẹyin tí ó jinná. Kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀, kí ìyá sì máa wò bóyá ara ọmọ yóò sú tàbí yóò wú. Kí a po pupa náà mọ́ ọ̀gì tútù, kí a sì rò ó lórí iná títí yóò fi hó dáradára. Tàbí kí a pò ó mọ́ móínmóín. Ọjọ́ náà gan-an ni kí a lò ó.

A ròyìn pé ní Portugal àtijọ́, funfun ẹyin ni àwọn obìnrin ilé ìsìn fi ń mú aṣọ le, wọ́n sì ń fi pupa tí ó ṣẹ́kù ṣe àkàrà dídùn. Wọn kò da ọ̀kankan nù. Kí ìyá ilé ní Àkọkà, ní Bàrígà àti ní Ṣómólú ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: kí funfun jẹ́ ti àlejò àti ti ọjà, kí pupa jẹ́ ti ọmọ. Ẹyin ni í di àkùkọ.