Ẹ Gbé Koríko Náà Sórí Òṣùwọ̀n

Àwọ̀ ewé máa ń tan ojú jẹ. Bí wọ́n bá wa èédú tán lórí òkè kan ní Ohio tàbí Kentucky, tí wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ padà sínú kòtò, tí wọ́n gbin koríko lé e, kì í pẹ́ tí gbogbo ibẹ̀ á fi tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tó bá ń wakọ̀ kọjá á ní ilẹ̀ ti sàn. Alábẹ̀wò ìjọba ò gba ìyẹn gbọ́. Ohun tó ń bèèrè ni pé koríko tí wọ́n gé níbẹ̀, kílò mélòó ni?

Ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1977 ni Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó kó àwọn tó ń wa èédú ní Amẹ́ríkà níjàánu. Kí ilé iṣẹ́ tó fi katapílà kan ilẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi owó onídùúró sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń dá a padà. Tí wọ́n bá dí kòtò, tí wọ́n tẹ́ ojú ilẹ̀ kí omi lè rọ́nà gbà, ilé iṣẹ́ lè gba ìdá 60 nínú 100. Tí ewéko bá ta gbòǹgbò, wọ́n á tún fún un ní díẹ̀. Ìyókù di ọjọ́ tí ilẹ̀ bá fi hàn pé òun lè so bíi ti tẹ́lẹ̀. Níbi tí òjò ọdún kan bá ti ju íǹṣì 26 lọ (ti Ìbàdàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìyẹn), ó kéré tán, ọdún 5 ni wọ́n máa fi dúró. Ní ilẹ̀ gbígbẹ bíi North Dakota, ọdún 10 ni.

Bó bá jẹ́ pé oko koríko ẹran ni wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe, koríko ló máa jẹ́rìí. Lọ́hùn-ún, yìnyín kì í jẹ́ kí màlúù rí nǹkan jẹ nígbà òtútù. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi ń gé koríko nígbà ooru, tó ń sá a títí á fi gbẹ, tí ẹ̀rọ á wá ká a róbótó bí ẹni ká ẹní. Ìdì ńlá kan lè wúwo ju àgbà ọkùnrin márùn-ún lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ṣírò. Ká ní oko éékà 20 so ìdì 80. Kò sẹ́ni tó ráyè wọn gbogbo wọn, torí náà wọ́n ṣa mẹ́wàá láìwo èyí tó sanra tàbí èyí tó rù. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ kílò 450. Lọ́nà 80, ó di 36,000. Pín in sí éékà 20, éékà kan so kílò 1,800. Bí iye tí wọ́n fi ń wé e bá jẹ́ 2,000, òfin ní kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 90 rẹ̀, ìyẹn 1,800. Ó bọ́ sí i géérégé. Ilé iṣẹ́ ti ń tẹ́wọ́ gbowó.

Ẹ ní sùúrù. Ẹnì kan ti ki ọ̀pá irin oníhò bọ inú ìdì, ó yọ ẹ̀kúnwọ́ koríko kan jáde, wọ́n sì lọ yan án gbẹ nínú ààrò. Omi inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 20 nínú 100. Bẹ́ẹ̀ rèé, koríko tí omi rẹ̀ jẹ́ ìdá 15 ni wọ́n fi dé orí 2,000 yẹn. Yọ omi kúrò nínú 1,800, koríko gidi ku 1,440. Bu omi ìdá 15 padà sí i, kò ju nǹkan bíi 1,694 lọ. Oko kan náà, ìdì kan náà, ó ti fìdí rẹmi. Ẹni tó bá ti ra gààrí tí kò gbẹ rí mọ ohun tí mò ń wí.

Níbo ni iye àfiwé ti ń wá? Níbòmíràn, inú àkọsílẹ̀ ètò ọ̀gbìn ni. Níbòmíràn, wọ́n á ya oko kan sọ́tọ̀ nítòsí tí ẹnikẹ́ni ò wa èédú níbẹ̀ rí, wọ́n á máa tọ́jú òun àti ilẹ̀ tí wọ́n tún ṣe bákan náà. Èmi fara mọ́ ìkejì yìí, torí bí ọ̀dá bá dá, àwọn méjèèjì ló jọ jìyà rẹ̀. Níbi tí òjò bá ti pọ̀, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ yege lọ́dún méjì, ọdún àkọ́kọ́ ò sì wọ inú ìṣirò. Wọ́n tún ń ṣọ́ ajílẹ̀: bí ilé iṣẹ́ bá dà á ju bí àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣe máa ń dà á lọ, wọ́n lè ní kó tún ọdún 5 kà láti oókan.

Àwa náà ní ilẹ̀ tó ń dúró de irú òṣùwọ̀n báyìí. Kòtò tí àwọn tó wa tánńganran fi sílẹ̀ ní Jos ṣì kún fún omi, àwọn àgbẹ̀ sì ń fà á bomi rin ẹ̀fọ́ lọ́gbẹlẹ̀. Òfin ìwakùsà tiwa ti 2007 náà dárúkọ àpò owó fún àtúnṣe ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá bi koríko nìkan ló ń dáhùn. Igbó ló bo òkè ìlà-oòrùn Kentucky kí wọ́n tó gé orí òkè náà kúrò. Lẹ́yìn tí wọ́n wa èédú tán, katapílà lọ ó bọ̀ títí ilẹ̀ fi le gan-an, wọ́n sì gbin koríko, nítorí òun ló ń tètè bo ilẹ̀. Koríko lè rọ́gbọ́n dá lórí ilẹ̀ líle. Gbòǹgbò igi ńlá kì í ríbi gbà. Ilẹ̀ lè yege lórí òṣùwọ̀n kí igbó má padà mọ́.

Láti 2004 ni ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn ìpínlẹ̀ tó ń wa èédú lágbègbè Appalachia ti ń polówó ọ̀nà mìíràn: kí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sílẹ̀ ní rírọ̀, kí katapílà má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí koríko tí wọ́n máa gbìn má sì lè bá igi du oúnjẹ. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń rí wúruwùru, òkúta á yọ sókè, koríko á hù lápá kan kó fi apá kan sílẹ̀. Kò sí ìdì tí ẹnikẹ́ni lè gbé sórí òṣùwọ̀n níbẹ̀. Ńṣe ni alábẹ̀wò ń rìn láàárín àwọn ọ̀dọ́ igi náà, tó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.