Dókítà Lórí Tẹlifóònù: Ta Ló Jèrè Rẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, gbogbo wa la mọ̀ pé bí a bá ti ṣọ́ọ̀bù nítorí àìsàn, owó ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Abájọ tí inú oníṣòwò púpọ̀ fi dùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí bíbá dókítà àdúgbò sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù gbilẹ̀ ní 2020, lákòókò àrùn Kòrónà.

Ṣùgbọ́n ṣé ó dín èrò kù? Ní 2014, ìwé The Lancet gbé ìwádìí kan jáde láti ilé dókítà 42 níbẹ̀. Láàárín ọjọ́ 28, iye ìgbà tí aláìsàn kàn sí wọn fi ìdá 33 nínú 100 pọ̀ sí i níbi tí dókítà ti ń kọ́kọ́ pè wọ́n. Ti nọ́ọ̀sì fi 48 lé. Ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ lónìí lè tún padà wá lọ́la ká fojú rí i.

Ó tún le fún àgbà tí etí rẹ̀ ti di, àti ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ sọ fún wọn pé ògbufọ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n béèrè. Bí ara kò bá sì gbádùn dáadáa, kí wọ́n ní àwọn fẹ́ rí dókítà lójúkojú. Ojú lọ̀rọ̀ wà.