Ọ̀rẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́: Kí ẹ tó ní ayé ló ṣe é, ẹ bi í ní ohun tó ń jẹ

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú dánfó ní Ìjánikin, lójú títì tó lọ láti Èkó sí Badagry. Lẹ bá rí ọkùnrin kan tó di ògiri mú, tó ń wo ilẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀, tó ń rìn bí ẹni tó mu ẹmu yó láàárọ̀ kùtùkùtù. Nígbà tí ẹ sún mọ́ ọn, ọ̀rẹ́ yín ni, ẹni tí ẹ jọ kàwé ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéníran Ògúnsànyà, ilé-ẹ̀kọ́ tó ti di yunifásítì ní 2022. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ẹ ti gbúròó ara yín kẹ́yìn. Ó ní àtẹ́lẹsẹ̀ òun ń jó òun bí iná lóru, òun kò mọ̀ ọ́n lára mọ́ bí òun bá tẹ ilẹ̀, ojú òun ń ṣú, etí òun sì ti wúwo. Àwọn ará ilé ní àfiṣe ni. Wọ́n ti gbé e lọ sílé wòlíì àti ilé babaláwo, owó ti tán, ẹsẹ̀ kò sì gbà.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé irú àìsàn báyìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Láti 1958 ni dókítà kan ti kọ̀wé lórí àìsàn iṣan tó ń da àwọn ará agbègbè Ẹ̀pẹ́ láàmú. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Òṣúntókun, ọmọ bíbí Òkèmẹ̀sí Èkìtì tó jẹ́ àgbà dókítà ọpọlọ àti iṣan ní Ìbàdàn, mú ìwádìí náà lọ sí Ọ̀ṣọ́sà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Ìwádìí tó gbé jáde ní 1968 tọ́ka sí oúnjẹ. Ó ní májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́, bí a kò bá ṣe é dáadáa, tí ẹni tó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ kò sì rí ẹja, ẹran tàbí ẹ̀wà jẹ tó, lè máa ba iṣan jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ní 1969, nǹkan bí èèyàn méjì nínú 100 ló ní àìsàn yìí ní Ọ̀ṣọ́sà. Nígbà tí Dókítà Olúwolé àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà síbẹ̀, tí wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde ní 2000, ó ti di mẹ́fà nínú 100, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù. Dókítà Olúwolé kò gbà pé májèlé ẹ̀gẹ́ nìkan ló fà á, àwọn onímọ̀ kò sì tíì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tó sọ pé ọwọ́ ayé ni.

Àìsàn kejì tó jọ ọ́ wà, òun sì ni ìdí tí kò fi yẹ ká jáfara. Ní àkókò òjò, láwọn ìlú kan lápá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, àwọn èèyàn a jẹun tán, lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọn kò ní lè dúró, wọn a sì máa bì. Ìlú Ìkàrẹ́ rí i ní 1993. Dókítà Bọ́lá Adámólékùn tó ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ ló wá rí i pé kòkòrò kan tí wọ́n ń yan jẹ ló wà nídìí rẹ̀, ìyẹn kòkòrò tó ń jẹ ewé igi arère, tó jẹ́ ìbátan èyí tí a ń fi òwú rẹ̀ hun sányán. Nǹkan kan wà nínú kòkòrò náà tó ń ba fítámì B1 jẹ́, iná kì í sì í tètè pa á. Ẹni tó bá ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ nìkan tẹ́lẹ̀ ni fítámì náà kì í tó lára rẹ̀. Ní 1994, wọ́n fún àwọn aláìsàn kan ní fítámì B1, wọ́n fún àwọn mìíràn ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Ara àwọn tó gba fítámì ló yá jù.

Ẹ wá wò ó: méjèèjì jọ ara wọn lójú ará ilé, ṣùgbọ́n ọ̀kan a máa gbóògùn, èkejì a máa ba iṣan jẹ́ débi tí kò ní padà sípò mọ́. Gbogbo ọjọ́ tí aláìsàn bá lò nílé wòlíì, ara rẹ̀ ló ń san án.

Kí wá ni ọ̀rẹ́ lè ṣe? Àkọ́kọ́, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ó dé lójijì tàbí díẹ̀díẹ̀, ohun tó ń jẹ, ọtí tó ń mu, àti oògùn tó ń lò. Dókítà kì í fi bẹ́ẹ̀ ní àkókò láti wá gbogbo ìyẹn jáde lẹ́ẹ̀kan. Èkejì, ẹ tẹ̀lé e lọ sílé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ Ọ̀jọ́ tàbí Ìbà, kí wọ́n kọ̀wé fún un lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà. Wọ́n ní láti yẹ ìtọ̀ ṣúgà, kòkòrò HIV àti fítámì B12 wò, nítorí àwọn náà a máa sọ ẹsẹ̀ di òkú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé apá àti ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló rọ lójijì, tàbí ẹnu wọ́, ẹ má dúró de ìwé kankan, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.

Nílé, ẹ ra bàtà àti ọ̀pá fún un. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú kì í mọ̀ bí omi gbígbóná bá bó o, nítorí náà ọwọ́ ẹlòmíràn ni kó máa yẹ omi wò. Ẹ jẹ́ kí iná máa tàn lóru, torí ojú ló fi ń rìn. Ẹ kọjú sí i bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀. A kò ní kó má jẹ gàárì mọ́. Kí ẹ̀gẹ́ náà rí ọjọ́ púpọ̀ kó fi kan dáadáa kí wọ́n tó fún un, kí ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin sì máa bá a rìn.

Àwọn àgbà ní àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Bí dókítà bá sọ pé ohun tó ti bàjẹ́ kò ní padà, ẹ má tún sọnù fún ogún ọdún mìíràn. Ọ̀rẹ́ tó ń wá ní Sátidé, tó ń mú un lọ gba afẹ́fẹ́ dé ẹ̀bá títì, kì í ṣe oògùn, ṣùgbọ́n òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n sọ aláìsàn di ohun ìpamọ́ nínú yàrá.