Ká Dí Ìdí Gbòǹgbò, Àbí Ká Pe Ẹ̀jẹ̀ Wọnú Rẹ̀?

Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ṣubú lórí pápá iléèwé ní Ìjàn-Èkìtì, tó fi eyín iwájú gbálẹ̀, eyín náà kò tíì dàgbà tán. Ọdún méje ni eyín iwájú òkè sábà máa ń yọ, ó sì tún ku bí ọdún mẹ́ta kí ìdí gbòǹgbò rẹ̀ tó pa. Bí mùdùnmúdùn inú eyín bá kú láàárín àkókò yìí, ibi tí gbòǹgbò dé náà ló dúró sí: ó kúrú, ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́, ìdí rẹ̀ là sílẹ̀ gbàragada.

Oògùn tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ ni calcium hydroxide, funfun bí ẹfun. Wọ́n á rọ ọ́ sínú gbòǹgbò, wọ́n á máa pààrọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà títí dé ọdún kan àtààbọ̀, títí ohun líle yóò fi dí ìdí náà. Oògùn yìí kò wọ́n. Owó ọkọ̀ láti Ìjàn dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín ní Adó-Èkìtì nígbà gbogbo, ọjọ́ iléèwé tó ṣòfò, ọjà tí ìyá ọmọ kò lè ná, àwọn ló wọ́n. Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yìí, ògiri gbòǹgbò kò nípọn sí i. Ní 1992, Miomir Cvek ní Sweden kọ ọ́ pé lára irú eyín bẹ́ẹ̀ tí gbòǹgbò wọn kéré jù, 77 nínú 100 ló kán ní ọrùn, lẹ́bàá ẹ̀rìgì. Lára àwọn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó, 28. MTA, ohun èlò tí wọ́n fi ń dí ìdí gbòǹgbò, tó jáde láti Loma Linda ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1990 sí 2000, gé ìrìnàjò náà kúrú: ìjókòó kan tàbí méjì, ìdí ti dí. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, kò sì fi kún gbòǹgbò.

Ọ̀nà kejì gbé iṣẹ́ náà fún ara ọmọ. Nygaard-Østby ti dán an wò ní Norway ní 1961. Ìròyìn tí Banchs àti Trope kọ ní 2004 ló jẹ́ kó tàn kálẹ̀. Wọ́n á fi omi oògùn fọ inú gbòǹgbò láìhà á púpọ̀, wọ́n á fi oògùn apakòkòrò sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Nígbà tí ọmọ bá padà wá, abẹ́rẹ́ apàmọ̀lára tí kò ní adrenaline ni wọ́n ń gún un, torí adrenaline ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Wọ́n á wá fi irin tín-ín-rín tọ́ ẹran ara ìsàlẹ̀ gbòǹgbò títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi sun wọlé tí yóò sì dì, wọ́n á fi MTA bò ó lórí.

Bó bá bọ́ sí i, ọyún á gbẹ, eegun tó ti jẹrà á kún, X-ray á sì fi gbòǹgbò hàn bí ẹni tó tún ń dàgbà. Ibẹ̀ ni mo ti ń fẹ́ ká rọra. Àwọn irú eyín bẹ́ẹ̀ tí wọ́n yọ lẹ́yìn náà, tí wọ́n fi ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi wò, kì í sábà ní mùdùnmúdùn nínú mọ́. Ohun tó jọ eegun ló kún wọn, àti ohun tó jọ èèpo òde gbòǹgbò, àti fọ́nrán tó so eyín mọ́ àgbọ̀n. Kòkòrò àrùn ti pa àwọn tó ń mọ ògiri eyín látinú, àjèjì láti ìta ló wá rọ́pò wọn. Ìsàlẹ̀ gbòǹgbò ni wọ́n sì máa ń fi kún jù. Ọrùn, níbi tí eyín ti ń kán, ni MTA jókòó sí, kò sí ohun tó ń hù níbẹ̀.

Síbẹ̀, bí gbòǹgbò kò bá tíì dé ìdajì, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni mo máa yàn, torí bó bá kùnà, a ṣì lè fi MTA dí i; bí a bá ti fi MTA dí i ṣáájú, kò sí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ mọ́. Bí ó bá ku díẹ̀ kó gbó, tàbí tí òbí mọ̀ pé òun kò ní lè máa gbé ọmọ padà wá fún àyẹ̀wò fún ọdún bíi mélòó kan, kí wọ́n dí i. Kí ìyá ọmọ sì bi dókítà ṣáájú bóyá minocycline wà nínú oògùn apakòkòrò náà, torí ó máa ń sọ eyín di dúdú, iwájú ẹnu sì ni eyín yìí wà.