Ká Tó Ya Fọ́tò, Ká Kọ́kọ́ Júbà

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi létí òkun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí ó kan gbogbo ẹni tó ń mú fóònù dání.

Láti ìgbà tí dókítà ti ní kí n máa ṣeré ìdárayá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo ti ń jí ní ìdájí láti sáré lórí iyanrìn etí òkun Ẹlẹ́kọ, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Bí mo bá sáré tán, màá dúró ya oòrùn bó ṣe ń yọ. Ìhà gúúsù ni etíkun Èkó kọjú sí. Nítorí náà, nínú oṣù Òkúdù, apá orí ilẹ̀ ni oòrùn ti ń yọ. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́, ojú omi gan-an ló ti ń yọ, lápá òsì ẹni tó bá kọjú sókun. Àsìkò ọyẹ́ nìyẹn náà. Eruku a bo ojú ọ̀run, oòrùn a wá pọ́n bí epo. Mo máa ń fi ìka kan ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójú fóònù, màá sì dín ìmọ́lẹ̀ náà kù. Àwọ̀ ojú ọ̀run á hàn dáadáa, ẹni tó bá sì wà níwájú oòrùn á dúdú bí òjìji.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, aago méje ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀, mo rí ìyá àgbàlagbà kan tó wọ aṣọ funfun, tó kúnlẹ̀ síbi tí ìgbì ti ń pàdé iyanrìn. Ó gbé igbá kékeré kan síwájú. Oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo yà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ká sọ tòótọ́, n kò tíì ya fọ́tò tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti ń ronú bí n ó ṣe gbé e sórí WhatsApp.

Nígbà tí ìyá dìde, ó pè mí.

"Ọmọ mi, ṣé o jíire?"

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn. "A dúpẹ́, Màmá. Ẹ kú ojúmọ́ o. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"Ohun tó yẹ kí o kọ́kọ́ ṣe nìyẹn. O ti mú nǹkan mi kí o tó kí mi. Ṣé o mọ ohun tí mo ń bá Olókun sọ?"

Ó ní ọmọ òun lọ pẹja, ọjọ́ kẹta rèé, ọkọ̀ wọn kò tíì dé. Ojú tì mí. Ẹkún ìyá ni mo yà, mo pè é ní ẹwà. Níwájú rẹ̀ ni mo ti pa fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́. Ó ní, "Oòrùn kì í ṣe ti ẹnì kan, yà á bó ṣe wù ọ́. Àdúrà mi ni kì í ṣe ti gbogbo ayé." Ó ṣàdúrà fún èmi náà, mo ṣe "àṣẹ".

Lọ́jọ́ kejì, àwọn apẹja sọ fún mi pé ọkọ̀ náà ti gúnlẹ̀ lálẹ́. Ẹ́ńjìnnì ló kọṣẹ́ lójú agbami. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olókun.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbà ló ń ṣíwájú nínú ìṣẹ̀ṣe. Babaláwo kì í dá Ifá láìjúbà. Nínú ilé wa pàápàá, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ á bu omi bọ́jú kí ó tó lọ kí àgbà. Èmi sáré dé etí òkun, mo gbé fóònù sókè, n kò kí òkun, n kò kí ènìyàn.

N kò sọ pé kí ẹ má ya fọ́tò. Lọ́dọọdún nínú oṣù Ògún, àìmọye ènìyàn ló ń ya ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo, ó sì ń gbé orúkọ wa ga. Ṣùgbọ́n ìta yàtọ̀ sí inú ojúbọ. Ẹni tó bá dá kúnlẹ̀ létí omi, inú ojúbọ ló wà, bí kò tilẹ̀ sí ògiri. Ẹ dúró kó parí, ẹ kí i, ẹ béèrè. Bó bá ní rárá, ẹ gbà.

Mo ṣì ń sáré, mo ṣì ń ya oòrùn. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ kan omi, màá kí Olókun, màá kí orí mi, kí n tó yọ fóònù.

Ojúmọ́ ire o. Àbọrú, àbọyè.